Ohun Tí Mo Sọ Nípa Tísà Mọ́tò

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti kọ́ ìyàwó mi ní mọ́tò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tá a fi jáwọ́. Mo pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó pa mọ́tò náà sáàárín ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó fi èmi nìkan sílẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè mọ́ mi.

Mowe là ń gbé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀fàdà. Ọ̀ṣun ni àwa méjèèjì ti wá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, Èkó sì ni ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi wà, nítorí náà kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti máa ń wà lórí márosẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣe kéèkì. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gbé e lọ fún àwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ní Ibafo àti Magboro. Á gbé kéèkì náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun, síbẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò kan ṣoṣo, òdòdó orí rẹ̀ á ti wó. Nítorí kéèkì la ṣe ra mọ́tò.

Nígbà tó ti hàn pé èmi ò lè kọ́ ọ, ọ̀nà méjì ló kù. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan wà lẹ́bàá márosẹ̀ tó ní pátákó gàdàgbà. Bíréèkì méjì ló wà nínú mọ́tò wọn, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́, wọ́n sì máa ń fún èèyàn ní ìwé-ẹ̀rí tó bá parí. Ọ̀nà kejì ni ọkùnrin kan tó ń dá kọ́ni, tí kò ní ọ́fíìsì, tí kò ní pátákó. Inú mọ́tò tìrẹ ló ti máa kọ́ ẹ, ìwọ nìkan, lásìkò tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Màmá tó ni ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ló júwe rẹ̀ fún wa, torí pé òun ló kọ́ àwọn ọmọ Màmá obìnrin méjèèjì. Ọkùnrin náà á ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Tírélà ló ń wà tẹ́lẹ̀, kó tó di pé eegun ẹ̀yìn ní kó fi sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Tísà.

Ìyàwó mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Tísà ni mo fẹ́," ó ní. "Mo fẹ́ ẹni tó máa fara balẹ̀. Ẹ ti pariwo mọ́ mi tó, Dádì."

Mo gbà. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ tí Tísà kọ́kọ́ wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà jù mí lọ. Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ó ní "Bísímílàhí", ó wọlé. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi yà ní kọ̀nà, mo sì bá tèmi lọ.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni Tísà ń wá, lẹ́yìn tí àwọn ìbejì wa bá ti lọ sílé ìwé. Mi ò béèrè nǹkan púpọ̀. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, á ti rẹ̀ mí, màá ní "Mọ́tò ńkọ́?", á ní "Ó ń lọ", ó parí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, mo ti dé Bẹ́gà kí oníbàárà mi tó fóònù pé kò síná nílé òun, kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Mo padà sẹ́yìn. Ní Mowe, mo gun ọ̀kadà. Ojú títì ò dáa, ni ọlọ́kadà bá gba ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sílé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí mọ́tò wa. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì kan tí wọn ò tíì mọ parí. Ìyàwó mi wà nídìí ìdarí, Tísà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò wa mọ́tò. Ìyàwó mi fi orí lé ẹ̀yìn àga, ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń mú èjìká èèyàn gbọ̀n, ó sì ń fi háńkáṣíìfù funfun kan nujú. Háńkáṣíìfù náà kì í ṣe tiwa.

Ọlọ́kadà náà dẹ ìrìn torí kòtò. Bí mo bá sọ pé "Dúró" nígbà yẹn, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù kí n dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo lù ú léjìká, mo ní, "Máa lọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bi í pé, "Báwo ni ẹ̀kọ́ tòní?"

"Ó dáa."

"Ibo lẹ wà á dé?"

"A kàn yí ká ni," ó ní, ó sì kọjú sí fúláwà tó ń pò.

Ìdáhùn yẹn ni mo gbé sùn. Mo ń wá irọ́ nínú rẹ̀, nígbà tó sì ti jẹ́ pé irọ́ ni mò ń wá, mo rí i. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti lọ forúkọ ìyàwó mi sílẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, mo ti san gbogbo owó rẹ̀. Mo wálé, mo ń ṣàlàyé bí ọlọ́gbọ́n. Mo ní ìjọba mọ ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní bíréèkì méjì wà níbẹ̀, bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì á mú un. Mo ní Tísà ò lè fún un ní ìwé-ẹ̀rí kankan. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, pé òótọ́ ni mo kó jọ láti fi bo ohun tó wà lọ́kàn mi mọ́lẹ̀.

Ìyàwó mi wò mí. "Ṣùgbọ́n mo ti ń mọ̀ ọ́n, Dádì. Ó kù díẹ̀."

"Mo ti sanwó," ni mo sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró sílé de Tísà, ó sì wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, mi ò jẹ́ kó wọlé.

"Tísà, ẹ ṣeun o. A ti rí ibòmíì."

"Kò burú, Ọ̀gá. Àbí mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o."

"Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún wọn níbi tẹ́ ẹ̀ ń mú Ìyá Ìbejì lọ pé kí wọ́n má kán an lójú. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kán lójú."

Mo ní mo ti gbọ́. Nínú mi, mò ń sọ pé, ta ló sọ ẹ́ di ẹni tó mọ ìyàwó mi tó báyìí? Ó yí padà, ó ń lọ, ó rọra ń rìn torí ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Kò tíì yà ní kọ̀nà tí Màmá ilé ẹ̀gbẹ́ fi yọjú. Ó ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, ó sì ti rí wa.

"Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí nǹkan o? Mo rí i pé Tísà padà."

Mo lè sọ pé a ti rí ibòmíì. Mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí ni. Ohun tí mo sọ nìyí: "Màmá, kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí lẹnu ń sọ. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ àwọn ọmọ yín obìnrin."

Màmá dá ìgbálẹ̀ dúró. "Haà," ló sọ. Mo wọlé. Mi ò ní purọ́, ara tù mí lọ́jọ́ yẹn. Mo jẹun dáadáa.

Ìyàwó mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀. Mi ò ní sọ pé wọn ò mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn mìíràn kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń wakọ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló máa ń wà nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré kí ó lè kan gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n mú un jáde sórí márosẹ̀. Tírélà kan fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ìdarí sílẹ̀ pátápátá, ó fọwọ́ méjèèjì bojú. Olùkọ́ ló fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì kejì. Ó kígbe mọ́ ọn, "Màdáàmù, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn sì ń rẹ́rìn-ín ìbẹ̀rù. Ìgbà tó yá ló tó sọ èyí fún mi. Nígbà náà, ó kàn ń lọ, ó ń bọ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ náà, ó gba ìwé-ẹ̀rí, ó fi í sínú àpótí aṣọ, kò sì tún fọwọ́ kan mọ́tò náà mọ́.

Ó padà sínú kẹ̀kẹ́. Mọ́tò wà nílẹ̀, eruku bò ó, adìyẹ àwọn ará ilé sì ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Sáńdè kan, ó gbé kéèkì ọjọ́ìbí ọmọ kan lọ sí Ibafo, ìdajì rẹ̀ ló dé ibẹ̀. Ó wálé, ojú rẹ̀ wú. Dípò kí n kí i kú ìrọ́jú, mo bínú.

"Kí ni mọ́tò ń ṣe níta? Kí ni ìwé-ẹ̀rí ń ṣe nínú àpótí? Àbí ọkùnrin yẹn nìkan ló lè kọ́ ẹ ni?"

Ó gbójú sókè.

"Ọjọ́ wo lẹ rí wa?" ó ní.

Mo ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ni, tó ń fi háńkáṣíìfù nujú. Ó jókòó, ó sì sọ ọ́ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, òun àti àbúrò ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkirè lọ sí Ìbàdàn. Bíréèkì tírélà kan kọ̀, ó gba bọ́ọ̀sì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun jáde láàyè, àbúrò ìyá rẹ̀ ò jáde. Ó ti sọ ọ́ fún mi rí, kí á tó ṣègbéyàwó. Mo ti gbàgbé. Nígbà tí mò ń pariwo mọ́ ọn pé kó tẹ iná, mi ò rántí rárá.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Tísà ti bi mí pé kí ni mò ń bẹ̀rù," ó ní. "Ẹ̀yin ò bi mí rí. Tí tírélà bá kọjá, ọwọ́ mi á tutù. Tísà á ní kí n pa mọ́tò, kí n jókòó, títí ọwọ́ mi á fi móoru padà. Kò ní sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rí wa yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á láti Ibafo dé Mowe ni, lórí márosẹ̀, láàárín àwọn tírélà. Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín, ó yọ háńkáṣíìfù fún mi. Mo fẹ́ fi ya yín lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n tán. Ìdí tí mo fi sọ pé a kàn yí ká nìyẹn."

Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà. Nǹkan kan ti wá sọ́kàn rẹ̀.

"Màmá ilé ẹ̀gbẹ́ bi mí lọ́jọ́sí bóyá Tísà fọwọ́ kàn mí. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Dádì, ṣé ẹ sọ nǹkan kan fún Màmá?"

"Rárá," ni mo sọ.

Ó yá lẹ́nu mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sì dìde, ó lọ kó àwọn ìyókù kéèkì náà sínú abọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá Tísà. Ọ̀gá tó ń lẹ táyà lẹ́nu títì wa ló sọ fún mi pé ó ti kó kúrò ní Mowe. Ó ní àwọn obìnrin tó ń kọ́ jáwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún un. Ọkọ ọ̀kan nínú wọn lọ bá a nílé, ó bú u láàárín èrò. Lẹ́yìn náà ló kó ẹrù lọ sí Ifo. Ọ̀gá náà fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí mo pè é, Tísà dá ohùn mi mọ̀. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀," kò sì béèrè ohun tí mo fẹ́.

Mi ò gbé mọ́tò náà lọ. Ojú ń tì mí pé kó tún rí i. Mo wọ ọkọ̀ dé Bẹ́gà, mo wọ òmíràn gba Akute títí dé Agbado, mo sì tún pààrọ̀ ọkọ̀ kí n tó dé Ifo. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé nítòsí ojú irin. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Tísà fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni. Típà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ ló ń wà báyìí, pẹ̀lú ẹ̀yìn yẹn.

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, Ọ̀gá. Ẹ dìde."

"Tísà, èmi ni mo sọ ọ́."

"Ta lẹ sọ ọ́ fún?"

"Màmá ilé ẹ̀gbẹ́."

"Kí lẹ sọ gan-an?"

Mo ní láti fi ẹnu ara mi tún un sọ níwájú rẹ̀ àti níwájú ìyàwó rẹ̀, bí mo ṣe rí wọn látorí ọ̀kadà tí mo sì kọjá lọ, àti ohun tí mo sọ fún Màmá gan-an. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ń retí ìyókù.

"Ìyẹn náà nìyẹn?"

"Ìyẹn náà ni, sà."

Ó mi orí. "Èmi ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi nìyẹn. Òun lẹ máa bẹ̀."

Mo yíjú sí obìnrin náà, mo tún dọ̀bálẹ̀. Kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà.

"Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ," ó ní, "níbi tó ti lọ pọnmi. Ó sáré wálé, ó bi mí pé, 'Màámi, ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá wa máa ń fọwọ́ pa ìyàwó oníyàwó lára?' Ohun tí ọmọ bi mí nìyẹn."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ forí jì mí."

"Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rí wọn, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà?"

Ó gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀, ó sì wọlé.

Tísà sìn mí dé ẹnu títì. Ó béèrè pé, "Ìyá Ìbejì ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń wà á?"

"Wọn ò wà á mọ́, sà."

Èyí dùn ún ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ, mo rí i lójú rẹ̀. "Wọ́n mọ̀ ọ́n o," ó ní. "Ọwọ́ wọn dáa. Kò sóhun tẹ́nikẹ́ni fẹ́ kọ́ wọn mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá sí Mowe, pé èmi fúnra mi máa bá a wá akẹ́kọ̀ọ́.

"Mowe kẹ̀? Mi ò lè jókòó ti obìnrin nínú mọ́tò mọ́, Ọ̀gá. Bí mo bá jókòó, ọwọ́ ara mi ni màá máa ṣọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ò lè máa wo títì."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń fi ṣúgà ya òdòdó sórí kéèkì kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa fún ẹ lọ́jọ́sí. Èmi ni mo sọ ọ́ fún Màmá. Ifo ni mo ti ń bọ̀ báyìí."

Ó ya òdòdó náà parí. "Mo ti mọ̀," ó ní. "Ẹ ti lọ bẹ Tísà. Ṣé ẹ ti bẹ èmi?"

Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́. Mo ti rìn dé Ifo, kò sì wá sí mi lọ́kàn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, fúláwà ilẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ orúnkún mi. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nìkan la jọ ń sọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí tábìlì. Mo dìde.

"Tẹ́ ẹ bá máa bá mi lọ," ó ní, "ẹ̀yìn lẹ máa jókòó sí."

Mo jókòó sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Ó wà á jáde sórí márosẹ̀, ó kọrí sí Ibafo. Tírélà kan kọjá lára wa, gbogbo mọ́tò mì. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa á, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ahọ́n mi ń yún mi láti sọ pé kó máa lọ, pé kò sí nǹkan kan. Mo fi eyín dè é. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣáná sí i, a sì dé Ibafo. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó sọ pé kí n máa dúró sílé. Òun nìkan ló ń gbé kéèkì rẹ̀ báyìí, ó máa ń dé Magboro, ó sì ti dé Bẹ́gà rí.

Mo lọ bá Màmá ilé ẹ̀gbẹ́, mo sọ fún un pé irọ́ ni ohun tí mo sọ, pé Tísà ò ṣe ohunkóhun. Ó pàtẹ́wọ́. "Èmi? Èmi ò sọ fún ẹnì kankan o, Bàbá Ìbejì!" Mo lọ bá àwọn tí mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́, ọkùnrin méjì àti obìnrin mẹ́ta. Gbogbo wọn ní ó ti tán.

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo gbé táyà lọ lẹ̀. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀, tí mi ò mọ̀ rí. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń lẹ táyà bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ló dáa fún ọmọ òun obìnrin tàbí ẹni tó ń dá kọ́ni. Kí ọ̀gá tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Ilé-ẹ̀kọ́ ni màá mú un lọ o jàre. Ṣé ẹ ò gbọ́ ti ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní mọ́tò ní àdúgbò yìí? Wọ́n ká òun àti ìyàwó oníyàwó mọ́ inú mọ́tò, lẹ́yìn fẹ́ǹsì."

Ọ̀gá tó ń lẹ táyà wolẹ̀.

"Irọ́ ni, mà," ni mo sọ. "Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni ọkọ obìnrin náà. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, irọ́ sì ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Mo rò pé inú máa bí i, tàbí kí ojú tì í. Àánú ni mo rí lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wo ọkọ tó ń bo àṣírí ìyàwó rẹ̀ ló ṣe ń wò mí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá," ó ní. "Ọlọ́run á tù yín nínú."

Mo tún un sọ pé irọ́ ni. Ó mi orí, ó ní òun ti gbọ́, ó ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé sí i ni àánú náà ń pọ̀ sí i lójú rẹ̀, títí ọ̀gá fi lẹ táyà náà tán, tó sì yí i sí mi lẹ́sẹ̀.